Ìlẹ̀kùn Ilédì: Ògbóni, Òṣùgbó, àti Ohun tí Ọdún 1914 Yí Padà

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé wá síwájú ọpọ́n Ifá lóde òní, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé babaláwo ní láti kọ́kọ́ bi oníbèéèrè léèrè kí ó tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹni náà á ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun wọ Ògbóni. Èwo nínú wọn? Ṣé ti ilédì ìlú baba rẹ̀ ni, níbi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti jẹ Apènà? Ṣé ti ẹgbẹ́ tí àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan dá sílẹ̀ ní Èkó ni? Àbí ti àwọn tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá wọlé lónìí, orí owó ni yóò sùn lọ́la? Oníjìbìtì ni àwọn ẹ̀kẹta yìí, a ò ní fi àyè ṣòfò lórí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìtàn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́, débi pé ẹ̀sùn tó kan ọ̀kan ni wọ́n máa ń kà sí èkejì lọ́rùn. Àwọn onísẹ̀ṣe náà ń ṣe é: wọn a mú ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ Èkó fi ń gbèjà ara rẹ̀, wọn a fi gbèjà ilédì. Ọ̀rọ̀ náà kì í bá a mu.

Ìdájọ́ ni wọ́n fi awo inú ilédì sílẹ̀ fún. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, awo náà ṣẹ́kù sínú ilé láìní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni àpilẹ̀kọ yìí ń lọ.

Kí a tó bọ́ sójú ọ̀nà, ohun tó jẹ́ ti inú ilé, inú ilé ni a fi í sí. Kò sí ohun kan nínú ìwé yìí tí àwọn òǹkọ̀wé kò tíì tẹ̀ jáde rí, tàbí tí ojú ọlọ́jà kò lè rí lọ́jọ́ tí Ògbóni bá jáde. Ẹ̀yin awo tí ẹ ń kà á, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ní Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́, Ògbóni ni orúkọ rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Òṣùgbó ni. Ilé ìpàdé wọn ni ilédì. Olúwo ni olórí ní ibi púpọ̀. Apènà ni ó ń pe ìpàdé, tí ó ń mójú tó ẹjọ́, tí edan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Erelú ni obìnrin tó ń jókòó láàárín wọn. Oyè mìíràn pọ̀, wọ́n sì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Ìjẹ̀bú Òde, Olúrin ni wọ́n ń pe olórí Òṣùgbó. Àwọn kan máa ń fa orúkọ Ògbóni yọ láti ara ‘gbó’, pé àwọn tó ti gbó ni. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí ìtàn, a ò ní gbé ẹrù lé e lórí.

Ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbọ náà ṣe wọ inú ayé Yorùbá tó, kí ó má wulẹ̀ wá a lọ sínú ìgbàlẹ̀ kankan, ẹnu ara rẹ̀ ni kí ó tẹ́tí sí. Kí ni à ń pe ẹni méjì tó bá ara wọn dá májẹ̀mú? A ní wọ́n ti mulẹ̀. Ẹni tó bá yẹ májẹ̀mú náà ńkọ́? Ọ̀dàlẹ̀ ni, ó da ilẹ̀. Pásítọ̀ tó bá gun orí pẹpẹ láti bú ọ̀dàlẹ̀, tàbí ààfáà tó bá ṣe wáàsí lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilédì ni wọ́n ń sọ láìmọ̀. Kò sí òrìṣà mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ àti ìlérí wa báyìí.

Ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àríyànjiyàn wà níbẹ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà ni pé Ifẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn èèyàn Odùduwà gba adé, àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn Ọbàtálá, kó ara wọn jọ kí ètùtù ilẹ̀ má baà parun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, kò sí ọdún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń sọ: pé adé lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀, àti pé ẹni tó bá dé adé gbọ́dọ̀ bá àwọn tó di ilẹ̀ mú ṣe àdéhùn. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọba jẹ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa yóò rí i pé àdéhùn yìí ni ìdí ètò náà, bóyá ìtàn Ifẹ̀ ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé gbé ìjà tiwọn sórí Ọ̀yọ́. Ní 1960, Peter Morton-Williams tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa lórí Ògbóni ní Ọ̀yọ́. Ó ní àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ń jókòó nínú Ògbóni, Aláàfin kì í lọ fúnra rẹ̀, obìnrin ààfin kan ni ó ń lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ fún un, àti pé ilé yìí ni ó ń mú ọba àti àwọn ìjòyè dọ́gba kí ẹnìkan má baà tẹ ẹnìkan rì. Ní 1973, J. A. Atanda dá a lóhùn. Ìbéèrè tó fi ṣe àkọlé ni pé, ṣé Ògbóni wà ní Ọ̀yọ́ Ilé rárá? Èrò tirẹ̀ ni pé kò sí níbẹ̀; ohun tí Morton-Williams rí, Ọ̀yọ́ tuntun tí Àtìbà tẹ̀ dó ní àwọn ọdún 1830 ni ó ti rí i, a ò sì lè ru ú padà lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé tó ti tú.

Inú àwọn kan nínú ilé wa kì í dùn sí Atanda, wọ́n ní ó bu Ògbóni kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tiwa. Ẹ̀rí ló béèrè, ẹ̀rí sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹni tó bá béèrè rẹ̀. Samuel Johnson tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí wọn ò rí tẹ̀ jáde títí di 1921, ti la ìyàtọ̀ kan sílẹ̀ tó ran Atanda lọ́wọ́: ó ní láàárín Ẹ̀gbá, Ògbóni gan-an ni ìjọba, ṣùgbọ́n láàárín àwọn Ọ̀yọ́, olùdámọ̀ràn ni wọ́n, ọba tàbí baálẹ̀ ló ga jù, ọ̀rọ̀ tó bá kan ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni wọ́n máa ń kó fún wọn. Bí a bá ní kí a yan ibi tí gbòǹgbò Ògbóni ti hàn jù lọ nínú ìtàn tó lẹ́rìí, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni a ó yàn, kì í ṣe Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí Johnson dárúkọ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń jà ní ìlú, ìjà lásán ni, baálé lè parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan bá kán sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò láàárín àwọn méjèèjì, ó ti kan Ilẹ̀. Apènà á rán edan. Edan yìí, ide ni wọ́n fi ń rọ ọ́, akọ àti abo, ẹ̀wọ̀n ló so orí wọn pọ̀, irin sì wà nídìí tí wọ́n fi ń gún un mọ́lẹ̀. Ide kì í dípẹtà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ẹ fún ohun tó gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti fi edan lélẹ̀ láàárín àwọn oníjà, ìjà tán. Ẹni tí wọ́n bá fi edan pè kò gbọdọ̀ má lọ. Àwọn méjèèjì ni yóò san ìtanràn, ẹni tó ṣá àti ẹni tí wọ́n ṣá, wọn á mú ẹran wá fún ètùtù. Ẹni tó bá fi ojú ilé ẹjọ́ òde òní wò ó á ní kò tọ́ kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ tún san owó. Àwọn àgbà kò wo ẹni tó jẹ̀bi nìkan. Ìlẹ̀kẹ̀ ìlú ló já, ọwọ́ méjì ló já a.

Nínú irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ìlẹ̀kùn wà fún? Ẹ fi ojú inú wò ó. Àwọn àgbà ìdílé oríṣiríṣi jókòó, ẹjọ́ ọmọ ìdílé ọ̀kan nínú wọn wà níwájú wọn, tàbí ẹjọ́ ọba fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó sọ pé ‘ọba jẹ̀bi’ bá mọ̀ pé orúkọ òun yóò dé ààfin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ta ni yóò la ẹnu? Bí ẹni tó dá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bi bá mọ̀ pé ìyàwó ilé yóò gbọ́, ṣé yóò dá a lẹ́bi? Nítorí náà ni wọ́n ṣe mulẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú ilé kò gbọdọ̀ jáde, àti pé bí wọ́n bá ti fẹnu kò, ohùn kan ṣoṣo ni yóò jáde. Ìlú yóò gbọ́ ìdájọ́, kò ní gbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Awo ilédì kò fi ilé náà pamọ́ fún ìlú. Ó fi ahọ́n àwọn onídàájọ́ pamọ́ fún alágbára.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta ni Ilẹ̀, tí ó gbọ́ ohun tí àwọn méjì náà sọ. Àwọn ará ìta gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ìhàlẹ̀. Ìkìlọ̀ ni fún àwọn tó wà nínú ilé: ẹ ti ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan wà tí ẹ ò lè tì í síta.

Ilé náà ò sì jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, bí àwọn kan ṣe rò. Erelú wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyè tirẹ̀. Edan fúnra rẹ̀ sọ ọ́, akọ kò dá dúró láìsí abo. Ilẹ̀ tí wọ́n ń bọ, ìyá ni wọ́n ń pè é, nítorí ọmú kan náà ni gbogbo ọmọ inú ilé ń mu. Babatunde Lawal kọ̀wé lórí edan ní 1995, ó sì tako àwọn òyìnbó tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ lórí ibi púpọ̀. Ẹ̀yin olùwádìí tí ẹ kò tíì kà á, ẹ wá a kà.

Níbo ni Ifá wà nínú èyí? Oyè Olúwo wà lọ́dọ̀ tiwa náà, débi pé bí a bá ní ‘Olúwo ń pè ọ́’, a ní láti ṣàlàyé èwo. Ṣùgbọ́n ilé méjì ni. Babaláwo lè máà jẹ́ Ògbóni, Ògbóni púpọ̀ kò sì mọ ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ohun tó so wá pọ̀ ni pé wọn kì í mú ẹni wọlé láìbi Ifá, wọn kì í ṣe ètùtù ńlá láìsí pé Ifá yan ẹbọ. Ọ̀rúnmìlà jẹ́ ẹlẹ́rìí ìpín, Ilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí ìbúra. Ẹ̀yin babaláwo, bí wọ́n bá gbé ẹni kan wá síwájú yín pé kí ẹ bi Ifá bóyá yóò wọlé, iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ni pé ẹ̀ ń bá ìlú yan onídàájọ́. A sọ èyí nítorí a rí i pé àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó ìwọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí Ẹ̀gbá. Kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ìlú kéékèèké púpọ̀ ni Ẹ̀gbá, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní Ògbóni tirẹ̀. Ogun kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ, olúkúlùkù sì gbé ilédì rẹ̀ wá. Láti 1830 di 1854, kò sí Aláké lórí oyè ní Abẹ́òkúta. Àwọn Ológun àti àwọn Ògbóni ni wọ́n ń darí ìlú títí Òkúkẹ́nù fi jọba. Ọdún mẹ́rìnlélógún láìsí ọba, ìlú kò sì fọ́. Ìdí nìyẹn tí Saburi Biobaku fi pe Ògbóni ní ilé ìgbìmọ̀ àgbà àwọn Ẹ̀gbá. Àwọn míṣọ́nnárì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní àwọn ọdún 1840 wò ó, ohun tí wọ́n mọ̀ nílé wọn ni wọ́n fi wé: wọ́n ní ó dà bíi Freemason. Àfiwé yìí kò ṣe ibi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbin irúgbìn. Ẹgbẹ́ ni Freemason, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́ tàbí kọ̀ ọ́, kò dá ẹjọ́ ìlú London. Ìdájọ́ ni Ògbóni, ọwọ́ rẹ̀ kan ẹni tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tí kò sí.

Ìjẹ̀bú ni ọwọ́ òyìnbó kọ́kọ́ bà. Níbẹ̀, ìjọba pín sí ọ̀nà: Ìlámùrẹn, Òṣùgbó àti Pàmpá, Awùjalẹ̀ sì wà lókè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Láti ìgbà náà lọ, òyìnbó kò wá ilédì mọ́ bí ó bá ní ọ̀rọ̀. Ọba ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo rọrùn láti pàṣẹ fún ju ogún àgbà tó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí lọ.

Ẹ̀gbá pẹ́ díẹ̀. Àdéhùn 1893 gbà pé òmìnira wọn wà lọ́wọ́ wọn, ìjọba àpapọ̀ Ẹ̀gbá sì bẹ̀rẹ̀ ní 1898, pẹ̀lú akọ̀wé, owó orí ibodè, àti ilé ẹjọ́ onítábìlì. Ní 1914, ìlú Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta ta ko ìjọba yìí lẹ́yìn tí àgbàlagbà wọn kan kú sí àhámọ́. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn sójà ìjọba òyìnbó yìnbọn lu èrò. Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tó kú. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fa àdéhùn 1893 ya, òmìnira Ẹ̀gbá parí, Abẹ́òkúta di ara Nàìjíríà tí Lugard ti so pọ̀ láti oṣù Kìíní ọdún náà. Àwọn ìwé ìtàn máa ń ka ọ̀rọ̀ Ìjẹmọ̀ sí ìjà lórí iṣẹ́ ọ̀nà àti àṣìlò agbára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé Olúwo ni ẹni tó ṣubú. Olórí ilé ìdájọ́ ìlú kan ni wọ́n yìnbọn pa, níwájú àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1914, Àlùfáà T. A. J. Ogunbiyi ti ìjọ Áńgílíkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó. Ẹgbẹ́ Ògbóni Onígbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1934, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Reformed Ogboni Fraternity, kí ẹni tí kì í ṣe Onígbàgbọ́ náà lè wọlé, ó sì tàn ká Nàìjíríà, dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ro ọ̀rọ̀ Ìjẹmọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, a ò sì sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ọdún méjèèjì ṣe ṣe déédéé, ó jẹ́ ká rí ohun tó ń lọ. Ní Abẹ́òkúta, agbára ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ Ògbóni. Ní Èkó, orúkọ, àmì, ìbúra àti oyè rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ pé kò sí ẹjọ́ ìlú kankan níwájú wọn.

A kò fẹ́ bú wọn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Èkó ìgbà náà wà láàárín òkúta méjì. Lọ́ọ̀jì Freemason wà ní Èkó, òyìnbó ló ni í. Ògbóni ilé baba wọn wà, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n má súnmọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ ohun tó jẹ́ tiwọn, tí kò ní lé wọn kúrò nínú ìjọ. Ìfẹ́ ilẹ̀ baba wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí a bá yọ ìdájọ́ kúrò nínú Ògbóni, ohun tó kù ni àṣírí àti ìrànlọ́wọ́ láàárín ọmọ ẹgbẹ́. Nínú ilédì ìbílẹ̀, àṣírí wà kí onídàájọ́ má baà bẹ̀rù. Nínú ẹgbẹ́ lásán, kí ni àṣírí wà fún? Ìbéèrè yìí ni ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń béèrè láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tiwọn ni yóò sì dáhùn rẹ̀.

Ògbóni Ẹ̀gbá kò kú ní 1914 ṣá o. Nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde lábẹ́ Funmilayo Ransome-Kuti lórí owó orí, àwọn olóyè Ògbóni wà lára àwọn tó ní kí Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀, ó sì kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1948. Ó padà dé ní 1950. Nínú ìtàn yẹn, àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe iṣẹ́ jù, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìlú ṣì rí i pé nígbà tí ilédì bá yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn ọba, ìjókòó ọba ń mì. Títí di òní, Ògbóni jẹ́ ọ̀wọ́ kan nínú ètò oyè Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ológun, Pàràkòyí àti Ọdẹ.

Òfin Nàìjíríà wá. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 àti ti 1999 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀. Abala 38 ni ó wà nínú ti 1999, ìtumọ̀ rẹ̀ wà ní abala 318. Ẹ jẹ́ ká fi ilédì sórí òṣùwọ̀n náà láìṣe ojúsàájú. Òfin ní ẹgbẹ́ tí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́: ìlú mọ Olúwo, ìlù ni wọ́n fi ń gba oyè, pẹ̀lú ṣàkì léjìká. Òfin ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé ní ìkọ̀kọ̀: níbí, òótọ́ ni, inú ilé ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà, yàrá ni wọ́n ń wọ̀ lọ gbèrò kí wọ́n tó jáde wá ka ìdájọ́, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n ní ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀. Òfin wá ní ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ran ara wọn lọ́wọ́ láìwo òdodo, tí ẹlòmíràn fi ń pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níbí ni kí gbogbo wa dákẹ́. Ilédì tó bá ti fi ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀ nítorí pé ọmọ inú ilé ni, òfin yẹn mú un, Ilẹ̀ pàápàá ti kọ́kọ́ mú un. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bá irú ilédì bẹ́ẹ̀ bẹ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́. ‘Ẹgbẹ́ awo’ ni àwọn àgbà ń sọ. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn, àwọn oníròyìn mú ‘ẹgbẹ́ òkùnkùn’ wá, wọ́n sì da Ògbóni mọ́ ọn. Awo lọ́tọ̀, òkùnkùn lọ́tọ̀. Ohun tó wà nínú awo, ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n; ohun tó wà nínú òkùnkùn, ẹni tó ń ṣe é pàápàá ò fẹ́ rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ bá wa ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀.

Àṣìmú irú èyí wà lókè òkun náà. Àwọn kan máa ń sọ pé Abakuá tó wà ní Kúbà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Regla ní 1836, Ògbóni ni. Kì í ṣe Ògbóni. Ekpe àwọn Efik àti àwọn aládùúgbò wọn ní agbègbè Calabar ni ó ti wá. Ní Oyotunji, ìlú tí Adefunmi tẹ̀ dó ní South Carolina ní 1970, wọ́n ní Ògbóni ní tòótọ́, ó sì wú wa lórí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìdájọ́ ìlú ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Wọ́n rántí iṣẹ́ rẹ̀ ju àwọn kan nílé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù báyìí ni ọ̀rọ̀ òkú ọba. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní 2021, gómìnà fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, pé ẹbí ọba lè sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Awùjalẹ̀ Ọba Sikiru Adetona, tó jọba láti 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n sì sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan ní Òṣùgbó fẹ́ fi òkú ọba ṣe nǹkan ìkọ̀kọ̀, àwọn tiwa náà sì fi ìbínú dáhùn, kò sí ẹni tó ṣàlàyé. Ohun tí ìtàn sọ rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀ lọ: ọwọ́ Òṣùgbó wà níbi ìsìnkú nítorí ó wà níbi ìwúyè. Ẹni tó mulẹ̀ pẹ̀lú ìlú nígbà tó ń gorí oyè, àwọn tó gbọ́ ìbúra rẹ̀ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá lọ. Bí ẹbí bá ní ẹ̀tọ́ sí òkú baba wọn, a gbà. Àdéhùn tó wà láàárín adé àti ilẹ̀ kì í ṣe ohun ìní ẹbí, òfin 2021 kò sì sọ ẹni tí yóò máa gbà á sílẹ̀ báyìí.

Ìgbìmọ̀ wa kò lè bá ilé aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí èyí pẹ̀lú ẹnu lásán. Ohun tí a nílò láti ìlú kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀: àwọn oyè ilédì ní sísẹ̀ntẹ̀lé, ọjọ́ ìpàdé wọn, irú ẹjọ́ tí wọ́n ń dá kí ilé ẹjọ́ ìjọba tó dé, àti iṣẹ́ wọn gan-an nígbà ìwúyè àti ìsìnkú ọba, títí dé ibi tí ìmùlẹ̀ gbà wọ́n láyè láti sọ. Ẹ lọ bá àwọn Apènà àti Erelú tó ti dàgbà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.